Wọn Ò Ní Yọ Eyín Yìí

Màmá Dùnmínínú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lọ́dọ̀ dókítà eyín ní àdúgbò Adébáyọ̀. Eyín iwájú, ẹ̀gbẹ́ èjí rẹ̀, ló ń ro ó.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́," ni Dùnmínínú wí. "Lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ta lẹ ń ṣoge fún?"

"Lọ yọ tìẹ."

Dókítà ní òun lè gún un lábẹ́rẹ́ kó má dùn ún, kí òun dá eyín náà lu, kí òun fọ ohun tó jẹrà nínú gbòǹgbò rẹ̀, kí òun sì dí i.

"Eyín á dúró, Màmá, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa wá."

"Màá wá lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tìyá tọmọ délé nílùú Ìyìn.

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá, ọkọ Màmá, bi Dùnmínínú. Àrùn ìgbàgbé ti mú un, kò dá ọmọ rẹ̀ kankan mọ̀ mọ́.

Màmá rẹ́rìn-ín.

Bàbá rí èjí rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí. "O pẹ́."