Ìyá Kan Ń Dán Ògiri Wò

Ìyá náà gbé etí lé ògiri, ó ń fi ìkúùkù gbá a.

Yàrá kan ṣoṣo ló fẹ́ háyà. Mo tẹ̀ lé e wá wò ó ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yìn ìlú la wà, Mà," alágbàtà ilé wí. "Ibí dákẹ́ rọ́rọ́."

"Oorun ni mò ń wá, ọmọ mi. Ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ kejì?"

"Bàbá arúgbó kan ni. Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ṣé kì í hanrun?"

"Kó hanrun kẹ̀? Bóyá ló tiẹ̀ ń mí."

Ìyá náà kọjú sí mi. "Ẹ lọ sùn."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹnu alágbàtà là sílẹ̀. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí.

Nígbà tí mo jí, ìyá náà dúró tì mí.

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ó wí. "Láti ogójì ọdún tí ẹ ti fẹ́ mi, àkọ́kọ́ nìyí. Ká máa pàdé láàárọ̀, olówó orí mi."

Ó gba yàrá náà.

Ìrọ̀rí kan ló kù lórí bẹ́ẹ̀dì wa.