Adé Oníke Mosún

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ilé ìtura kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ tó já fáfá ni Mosún. Ó mọ̀wé, ó sì mọ iṣẹ́ ilé. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí wọ́n bá gbé e ga ní ìwọ̀n ìka kan, òun fúnra rẹ̀ á fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un.

Bàbá rẹ̀ ló kó gbogbo ilé kúrò ní Òṣogbo lọ lo ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìtura náà ní àwọn yàrá tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé. Ọ̀kan dà bí ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan dà bí ìsàlẹ̀ omi, tẹja-tẹja. Yàrá ààfin ló kan Mosún àti Dìípọ̀, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n kun ògiri rẹ̀ bí àgbàlá ọba. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà níbẹ̀ tí à ń fi àtẹ̀gùn mẹ́ta gùn, adé oníke tí wọ́n lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ sì wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì wà nísàlẹ̀. Dìípọ̀ mú ọ̀kan. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá wọn, mú èkejì, ó ní àwọn ọmọ òun kò ní í dá sùn nílé onílé. Mosún kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gun bẹ́ẹ̀dì ọba, ó dé adé.

Àṣà kan wà nílé wọn tí kì í yẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà á sì ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oríkì kó tó ní kí wọ́n dìde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dìípọ̀ nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gba oríkì tirẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wá kan Mosún. Mosún kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà," ló wí láti òkè.

"Orí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń kí mi?"

"Èmi ni ọba níbí, mà. Ọba kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Dìípọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kàn wo ọmọ, ó wo adé, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Kábíyèsí o." Ó jáde. Kò ki Mosún ní oríkì kankan.

Wọ́n tẹ́ oúnjẹ àárọ̀ sábẹ́ igi fúrúǹtù. Mosún dé pẹ̀lú adé lórí, ó nawọ́ sí àkàrà. Kíá ni Ìyá Àgbà bo àwo.

"Háà! Èèwọ̀! Ọba kì í jẹun ní gbangba. Ẹ gbé oúnjẹ Kábíyèsí lọ sí ààfin."

Bàbá wọn fi ife tíì bojú kí ẹ̀rín má baà hàn. Mosún dá jẹ àkàrà rẹ̀ ní yàrá. Nígbà tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, Ìyá Àgbà tún bi í pé, "Ta ló rí ọba tó bá ará ìlú bọ́ra sílẹ̀ wẹ̀ rí?" Dìípọ̀ kígbe láti inú omi pé, "Kábíyèsí, omi ń kí yín o!"

Ó rọrùn láti ṣí adé náà. Ṣùgbọ́n Mosún ronú pé bí òun bá ṣí i, Dìípọ̀ yóò fi òun ṣẹ̀sín dé Òṣogbo. Ó bá jókòó sójú fèrèsé. Oṣù méjì ló ti fi ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn yí ọ̀sà po ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n ń lọ sílé. Síbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń dùn ún jù. Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò pè é ní Àwẹ̀ró, orúkọ oríkì rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ki ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn létí ara rẹ̀, ó sì gbàgbé ìlà kẹta.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Ìyá Àgbà wọlé wá mú ìborùn rẹ̀. "Kábíyèsí, àwa ń lọ o. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Mosún ṣí adé, ó gbé e sórí ìrọ̀rí. Ó gba orí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

Lẹ́sẹ̀ kan náà, bàbá wọn pariwo láti etí omi, "Màámi! Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o!"

"Kó dúró!" ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Mò ń ki ọmọ mi lọ́wọ́!"

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì kánjú. "Àwẹ̀ró, ọmọ aláró. Ọmọ aró tí kì í ṣá. Ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ ilé wa tó mọ́." Lẹ́yìn náà ló fi ìlà kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí: "Àwẹ̀ró a-ṣí-adé-kí-ìyá. Adé kò já bọ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí i."

Ọkọ̀ dúró dè wọ́n. Mosún jókòó síwájú, kò sí adé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọba tí orí rẹ̀ wú tó tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mosún ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ìlà tuntun yẹn ṣì wà nínú oríkì rẹ̀; àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọlá tí a fúnra wa gùn lọ mú máa ń mú kí ènìyàn dá jókòó sí yàrá. Èyí tí àwọn ènìyàn ẹni bá fi dá ni lọ́lá ni í bá ni kalẹ́. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun.