Iye Àtẹ̀gùn Ilé Ahoro
"Méjìlá ni, Mautin."
"Mẹ́tàlá ni, bùrọ̀dá. Èmi tí mò ń mú àlejò wo ahoro yìí láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin awakọ̀ lẹ fẹ́ kọ́ mi?"
Àtẹ̀gùn tó sọ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé ahoro etí òkun ni wọ́n ń jà lé lórí. Láti àárọ̀ ni Lámídì ti ń wakọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìbàdí ń ro ó bí ẹni tó gúnyán fún gbogbo ayé. Àlejò tó háyà wọn ti sùn sínú mọ́tò. Oòrùn ń wọ̀, Lámídì sì ti ṣèlérí fún ìyàwó Mautin pé òun á mú ọkọ rẹ̀ délé kílẹ̀ tó ṣú.
"Ó dáa, mẹ́tàlá ni. Máa bọ̀."
"Ẹ ò gbà á dénú." Mautin wọnú òkùnkùn lọ, ó ń kà á sókè.
Ó ka eéjìlá. Ó ka ẹẹ́tàlá. Ó tún ka ẹẹ́rìnlá.
"Mautin, gòkè wá, mo bẹ̀ ọ́."
Lámídì tan tọ́ọ̀ṣì. Àtẹ̀gùn méjìlá ló rí, àti iyanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀. Kò séèyàn níbẹ̀.
Ohùn Mautin ń jìn lọ lábẹ́ iyanrìn, ó ń fi í rẹ́rìn-ín. "Ogójì rèé, bùrọ̀dá. Ẹ ṣì ń jiyàn?"