Télọ̀ Tó Ń Bá Gbogbo Ayé Sunkún

Àléébù kan ṣoṣo ni Ganiyat, télọ̀ àdúgbò wa ní Àjẹ́gúnlẹ̀, ní: ìbànújẹ́ ẹlòmíràn kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó wọlé. Bí aládùúgbò bá fi ẹsẹ̀ kọ, Ganiyat ló máa tiro. Bí eyín bá ń ro ọmọ ọlọ́mọ, òun ni kò ní lè jẹun.

Lọ́jọ́ kan, Azubuike, awakọ̀ tírélà láti ibùdókọ̀ Coconut, gbé ṣòkòtò wá fún un kó bá òun dín in. Lórí ìdúró ló ti sọ pé wọ́n jí bátìrì ọkọ̀ òun. Kó tó sọ ọ́ tán, Ganiyat ti bú sẹ́kún, ó sun ún títí ṣòkòtò fi tutù rinrin. Azubuike na ara.

"Màdáámù, ara mi ti fúyẹ́ o! Ebi tiẹ̀ ti ń pa mí."

Ó súfèé lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wà.

Ìròyìn dé Coconut, ó dé Wharf Road. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi tò sẹ́nu ọ̀nà Ganiyat bí tírélà tó ń dúró de èbúté. Azubuike sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ìlà.

"Ẹni tí táyà ẹ̀ bẹ́, apá ọ̀tún! Ẹni tíyàwó já jù sílẹ̀, apá òsì! Abẹ́g, ẹ má ti ara yín, ẹkún á kárí!"

Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá torí pé ewúrẹ́ ilé wọn fojú burúkú wo òun. Ganiyat sun tirẹ̀, ó sì sun ti ewúrẹ́ náà mọ́ ọn.

Gbogbo ìgbà yìí, jalàbíà funfun kan tí kò tíì ní apá wà lórí máṣíìnì. Mutmainah ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe wòlímà Kùránì ní Sátidé.

"Màámi, aṣọ mi ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n sunkún bàbá yìí tán."

Ìyá Ràdíátù, àgbà ilé wọn, pè é sí kọ̀rọ̀. "Ìyá Mutmainah, oore ló pọ̀ lápọ̀jù tí igúnnugún fi pá lórí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tilẹ̀kùn ẹ, kó o ránṣọ ọmọ ẹ."

"Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ojú yín rẹ̀wẹ̀sì o, kí ló dé?"

Kí ìyá tó fèsì, ẹkún ti tún bẹ̀rẹ̀.

Sátidé dé. Ganiyat rán apá mọ́ aṣọ tòun ti omijé lójú, ó sì rán ọrùn rẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ, orí kò yọ. Ààfáà sì ti ń pè. Wọ́n fa Mutmainah síwájú èrò bí àpò ìrẹsì. Ọmọ ké súrà rẹ̀ láìṣì, ṣùgbọ́n ihò apá ọ̀tún lohùn ń gbà jáde, ni ààfáà bá tẹ etí mọ́ ọwọ́ aṣọ. Èrò rẹ́rìn-ín títí àga fi dojú dé. Nínú jalàbíà, èjìká ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń sunkún.

Ganiyat fẹ́ bá a sun ún. Ó fún ojú bí ẹni ń fún ọsàn, ẹ̀kán kan kò kán. Omi ti tán. Ó yíjú sáwọn awakọ̀ tó wá jẹun.

"Ẹ bá mi sunkún! Ọmọ mi ni!"

Ìrẹsì kún ẹnu Azubuike. "Háà, Màdáámù, a ò mọ̀ ọ́n sun o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa sun ún."

Láti ọjọ́ náà, Mutmainah kì í sunkún níwájú ìyá rẹ̀ mọ́. Yàrá Ìyá Ràdíátù ló ń lọ sun ún.

Ẹ̀yin aláàánú, ẹ̀kọ́ yín rèé. Àánú dára, ṣùgbọ́n ẹ fi ilẹ̀kùn sí i. Bí ẹnìkan bá gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ dé, ẹ kí i, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ padà lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo omijé rẹ̀ ṣe sàárà fún ará ọ̀nà, ojú gbígbẹ ni yóò fi wo ẹkún ọmọ tirẹ̀.