Aago Màmá Àgbà Kì í Kí Aago Kankan

A kúnlẹ̀ fún àdúrà òwúrọ̀, oòrùn sì ti ń ta wá lẹ́yìn láti ojú fèrèsé. Màmá Àgbà ní ká di ara wa lọ́wọ́ mú. Bí ọwọ́ ṣe kan ọwọ́ báyìí, aago ọwọ́ gbogbo wa rí aago wúrà rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ni, wọ́n sì yí padà sí aago márùn-ún ìdájí tí tiẹ̀ wí.

Àbúrò mi, Ṣaléwá, bú sẹ́kún. Ó ń lọ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, reluwé sì ti fẹ́ gbéra.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tún aago yìí ṣe."

"Ta ni yóò tún àgbà ṣe?" Màmá ń fi òróró nu aago náà, ó ń kì í. "Ọmọ wúrà tí kì í dípẹtà, arìngẹ̀rẹ̀ bí ọba."

"Ẹ jẹ́ kí n wọ ayédèrú nígbà náà. Ìyẹn kì í wojú ẹnikẹ́ni."

"Aago tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, lọ́wọ́ ọmọ mi? Olúwa ò ní jẹ́. Gbé báàgì rẹ. Èmi fúnra mi á bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀."

A bá reluwé tó ti tilẹ̀kùn, tó ń fọn fèrè. Màmá nawọ́ sí awakọ̀ lójú fèrèsé.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Awakọ̀ ò lè ṣàìgba ọwọ́ àgbà. Aago rẹ̀ rí ti Màmá, ó sì rọra yí padà sí ìdájí. Ló bá pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣílẹ̀kùn. Ṣaléwá sáré wọlé, ó jókòó, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yán.

"Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé ilẹ̀ ti mọ́ ni."

Ó bá gba ilé rẹ̀ lọ, ó lọ sùn.