Ìjókòó Àárín

Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. “Ìjókòó kan ṣófo. Mi ò ní í gbéra àfi tí mo bá kún.”

“Kò ṣófo,” Olóyè Fásanmí dáhùn. Ó ti ká agbádá rẹ̀ sórí ìjókòó tó wà láàárín òun àti Mojírádé. “Mo ti sanwó èèyàn méjì.”

Mojírádé wo ìta. Láti Mọ́kọ́lá, òkè Màpó hàn kedere. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kí òfin tó ní kí ọkọ̀ máa kún kó tó gbéra, èéfín mọ́tò kì í jẹ́ kí wọ́n rí i. Èéfín yẹn náà ló ba ẹ̀dọ̀fóró àbúrò rẹ̀ jẹ́, tó sì pa á.

Ó gbé agbádá náà, ó fi lé Olóyè nítan.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ mí ni?”

“Mo mọ̀ yín, sà. Èmi ò kàn mọ̀ pé agbádá yín náà máa ń mí ni.”

Ó pe wẹ́dà kan tó ń fi fóònù wá ọkọ̀ létí títì: “Bọ̀dá, ààyè wà níbí o!”

Wẹ́dà náà wọlé tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o.”

Ọkọ̀ gbéra. Olóyè kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́.

“Olóyè,” Mojírádé ní, “wọ́n ń kí wa.”