Abọ́ Iyán Méjì

Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti ń dáko, bí irúgbìn bá kọ̀ tí kò hù, ilẹ̀ ni wọ́n ń bú.

Ìyá Akínyẹlé wọkọ̀ láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, ó gúnyán fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lóyún lọ́dún kẹta ìgbéyàwó wọn.

"Ọlábísí, jẹun! Ebi máa ń dínà ọmọ."

"Mo ń jẹ ẹ́, Màmá."

"Ìwọ tó o rí bí ìgbálẹ̀ yìí?"

Akínyẹlé gbé iyán tirẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ ajá, ó sì gbé abọ́ òfìfo padà.

"Ẹ wo ọmọ mi! Ó jẹun tán, kò sì yọ ikùn!"

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ka èsì àyẹ̀wò àwọn méjèèjì.

"Màmá, ara Ọlábísí dá ṣáṣá. Ọkọ rẹ̀ ló ń febi pa ara rẹ̀. Ebi náà ló mú kí èròjà tó ń sọ ọkùnrin di bàbá dín kù lára rẹ̀."

"Akínyẹlé! Ta ló ní kó o má jẹun?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ wo ikùn mi nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, tẹ́ ẹ bèèrè pé, 'Ta ló lóyún nínú ẹ̀yin méjèèjì?'"

Akínyẹlé padà sídìí iyán. Ọlábísí bí obìnrin lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìyá kì í sọ̀rọ̀ ikùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ajá nìkan ló rù.